Ojú Màmá àti abẹ́rẹ́ tí o sọ

Èkó-Èpé,
Èpé.

Bísí ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Guangzhou? Ọmọ ńkọ́, bàbá rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ nípa abẹ́rẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà fi ń gún ara, àti nípa dókítà tó ń gún un lọ́dọ̀ yín, pé kí n gbìyànjú rẹ̀ fún Màmá tí ojú wọn ń rí nǹkan kan ní méjì. O ṣeun tí ọkàn rẹ wà lọ́dọ̀ wa. Jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

O mọ Màmá ní Ọjà Olúwo, ojú lásán ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹja. Ṣàdédé ni wọ́n jí lọ́jọ́ kan tí gbogbo nǹkan di méjì-méjì. Bí wọ́n bá fẹ́ ka ṣénjì, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, owó á sì padà di ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, wọ́n á yí orí sí ọ̀tún díẹ̀.

Ojú bíbò yẹn gan-an ni dókítà kọ́kọ́ bi wá léèrè. Bí a bá bo ojú kan tí nǹkan sì di ọ̀kan, a jẹ́ pé ojú méjèèjì ni kò jọ wo ibì kan náà mọ́. Bí ojú kan ṣoṣo bá ṣì ń rí méjì, inú ẹyinjú yẹn fúnra rẹ̀ ni àìsàn wà. Iṣan mẹ́fà ló ń yí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, bí okùn tí wọ́n fi ń darí ìgbòkun, fọ́nrán mẹ́ta ló sì ń gbé àṣẹ wá fún wọn láti inú ọpọlọ. Fọ́nrán tó ń mú ojú wò sí ẹ̀gbẹ́ ìta ló rẹ̀ lápá ọ̀tún Màmá. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ara rẹ̀ dáadáa. Dókítà ní irú rẹ̀ sábà máa ń bọ̀ sípò fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Mo ti kà nípa rẹ̀. Ó tín-ín-rín, kò sí oògùn nínú rẹ̀. Wọ́n ń gún un sí ìdí irun òkè ojú, sí ẹ̀bátí, àní sí àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá pàápàá. Àwọn oníwádìí Ṣáínà kọ ọ́ pé ó ran ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Bísí, ojú tó lè là fúnra rẹ̀ lóṣù mẹ́ta, bí a bá ń gún un lóṣù mẹ́ta yẹn, ta la máa yìn? Àfi kí a fi àwọn tí a kò gún wé àwọn tí a gún, ọ̀pọ̀ ìwádìí náà sì kéré.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀. Ẹ̀bá ẹyinjú kún fún òpó ẹ̀jẹ̀. Ó lè wú, ó lè dúdú. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ lè gún ẹyinjú pàápàá, Màmá sì ń lo aspirin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ẹni tó kàn gbé pátákó síta pé òun mọ abẹ́rẹ́ Ṣáínà kò ní fọwọ́ kan ojú ìyá mi. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ni, tí abẹ́rẹ́ jẹ́ tuntun, tí dókítà ojú sì mọ̀ sí i, mi ò ní kọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ bá ṣàdédé ń rí méjì, tí orí ń fọ́ ọ burúkú, tí ìpéǹpéjú já wálẹ̀, tàbí tí ahọ́n ń wúwo, jọ̀ọ́, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Kí ó má dé ọ̀dọ̀ alábẹ́rẹ́ rárá.

Ní báyìí, Màmá ń lo oògùn ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì lẹ ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ gíláàsì ojú ọ̀tún wọn, èyí tó ń mú nǹkan méjì papọ̀. Ohun tó wà nítòsí ti di ẹyọ kan. Ọ̀nà jíjìn ló ṣì ń pín: ọ̀kadà kan tó ń bọ̀, méjì ni wọ́n ń rí, nítorí náà mi ò jẹ́ kí wọ́n dá sọdá títì. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí kò tọ́, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ wà.

Bá mi béèrè lọ́wọ́ dókítà tí o sọ yẹn: ṣé inú oṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń gún, àbí wọ́n ń dúró wo ohun tí ara yóò fúnra rẹ̀ ṣe? Kí ó sì sọ fún ọ bóyá wọ́n máa ń gún ẹni tó ń lo aspirin.

Màmá ní kí n kí ọ. Wọ́n ti tọ́jú ẹja yíyan sílẹ̀ fún ọ de Kérésì.

Èmi ni tìrẹ,
Rìsí