Àìríbi Sùn Ń Lé Àwọn Ọmọ Wa Kúrò Nídìí Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn tó ń ṣètò owó ìlera ní ìpínlẹ̀ wa àti ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 6, ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ Burkitt lọ́wọ́. Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ, ló kọ̀wé nípa àìsàn yìí ní 1958 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ tí ibà tí ẹ̀fọn ń fà ti ń jà bíi tiwa. Párì ọmọ ló sábà máa ń mú. Eyín á máa mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, àwọn èèyàn á ní kòkòrò eyín ni. Kó tó pẹ́, ojú ọmọ á ti yí padà.

Ìyá rẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Èmi wà nílé pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ń hun òfì, torí ibẹ̀ ni owó abẹ́rẹ́ ti ń jáde. Àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe bẹbẹ, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé orí ẹní, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ni ìyàwó mi ń sùn. Bí wọ́n bá sì ní kí ó gbé ọmọ lọ sinmi, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gbéra kí kímò (oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ) mìíràn tó kàn, kò mọ ẹnì kankan nílùú yẹn tó lè dé sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn á wọ ọkọ̀ wálé, tòun tọmọ tí ẹnu rẹ̀ ti bó, tí ògì tútù pàápàá ń ta á lẹ́nu. Àwọn dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé ibà lẹ́yìn kímò kì í ṣe èyí tí à ń fi àgbo tàbí oògùn kẹ́mísì lé, torí pé agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá àìsàn jà ti lọ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni, kíákíá. Láti Ìsẹ́yìn, láàárín òru, mọ́tò dà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Jẹjẹrẹ Burkitt máa ń tètè gbọ́ kímò. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wa ti fà, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní ká máa gbé e bọ̀ nílé, Ọlọ́run ti ṣe é. Ẹni tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀lùbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń tà ti di ohun ìgbàgbé, tí kò sì ríbi sùn, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn náà kò tíì lọ. Ó lè sá pamọ́ sínú ọpọlọ àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tí ìyá rẹ̀ kì í lè wò. Mo mọ àwọn òbí tó kó ẹrù wọn lọ ní irú àsìkò yìí. Ọ̀kan padà wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ti wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò lè bú wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ọmọ tó ń bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ju 80 lọ nínú 100. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè bíi tiwa, wọn ò tó 30. Wọ́n ka fífi ìtọ́jú sílẹ̀ láìparí mọ́ ohun tó fà á. Láti 2018 ni wọ́n ti ní kí ó kéré tán 60 nínú 100 máa yè kárí ayé tó bá fi máa di 2030. Ọdún náà kò jìnnà mọ́.

Bí ìjọba tilẹ̀ fún wa ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó yẹ kí wọ́n ṣe, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ríbi dé sí kò ní lè dúró gbà á tán. Ilé kan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nítòsí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọmọdé, kó ní bẹ́ẹ̀dì, omi àti ibi ìdáná, pẹ̀lú owó ọkọ̀ fún ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ní South Africa, CHOC, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ àti òbí wọn lọ́wọ́, ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwa náà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó ní ilé àlejò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera: ìyá tó gbé ọmọ wá láti Ṣakí, Kíṣì tàbí Ìgbòho, ta ni kó lọ bá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó lọ sinmi kó tó padà wá? Bí kò bá tíì sí ẹni náà, kí wọ́n yàn án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ahunṣọ òfì kan,
Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.