Ta ló rán ọmọ yẹn níṣẹ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí nínú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú ń bí mi, mi ò sì lè gbé e mì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá kan lẹ́nu iṣẹ́ ọba bọ́ sórí rédíò, tó ń yangàn pé ọwọ́ àwọn ti tẹ àwọn ọmọ Àwàwà, ẹgbẹ́ jàǹdùkú tó ń da wá láàmú ní Agége, pé kí aráàlú lọ fọkàn balẹ̀. Nígbà tó dalẹ́, ọmọ ọmọ mi fi fídíò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Àwọn tí wọ́n ń pè ní jàǹdùkú yẹn, ọmọdé ni wọ́n. Wọ́n tò wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn wọn, wọ́n kó àdá àti àáké síwájú wọn, kámẹ́rà sì ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ṣì wọ ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé. Èyí tó kéré jù ń fi èjìká nu omi ojú, nítorí wọ́n ti so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Mo wò ó títí ó fi parí. Ọ̀gá sọ̀rọ̀, àwọn oníròyìn béèrè ìbéèrè, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀ tó béèrè pé: ta ló rán àwọn ọmọ yìí níṣẹ́? Ta ló ra àdá fún wọn? Ọmọ tí kò lówó búrẹ́dì, níbo ló ti rówó àdá?

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ láwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Agége àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ mọ́ wa lọ́wọ́. Wọn kì í kọ́kọ́ gbé àdá fún ọmọ. "Ẹ̀gbọ́n àdúgbò" kan ni yóò máa fún un lówó kó fi ra gálà. Lẹ́yìn náà, yóò ní kó bá òun mú ọ̀rá kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan lẹ́yìn ọjà. Ọmọ ò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá. Nígbà tó bá fi máa mọ̀, wọ́n ti ra bàtà fún un, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ ìnagijẹ kan tó ń dùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan yóò já ọ̀rá yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan náà tó rán an níṣẹ́ ló rán ẹni tó já a gbà, ṣùgbọ́n ọmọ ò mọ̀. Wọ́n á ní ó ti jẹ àwọn lówó. Níbo lọmọ Pírámárì 5 ti fẹ́ rí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà? Iṣẹ́ jíjẹ́ ni yóò máa fi san gbèsè náà, láti orí igbó dé orí kólòrádò, oògùn olóró tí wọ́n ń fà bí igbó, láti orí kólòrádò dé orí fóònù jíjá gbà, títí wọ́n á fi ní kó wá búra, kó wá di ara wọn pátápátá.

Ó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì tèmi. Ọmọ tó mọ ìṣirò ni, òun ló máa ń bá mi kó ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá jọ. Mo rí fóònù olówó ńlá lápò rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ti ẹ̀gbọ́n kan ni. Wọ́n ní kí n máa gbé e dání kí wọ́n lè máa rí mi pè." Mo ní ta ni ẹ̀gbọ́n. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dákun, wọ́n á na ìyá mi."

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Ọmọ náà bẹ̀rù ẹni tó rán an ju èmi olùkọ́ rẹ̀ lọ, ó bẹ̀rù rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ, ó sì nídìí tó fi ń bẹ̀rù. Mo sọ fún ọ̀gá ilé ìwé, ọ̀gá ilé ìwé kọ̀wé sókè. Títí dòní, ẹnikẹ́ni ò fèsì ìwé náà. Kí sáà yẹn tó parí, ọmọ ti fi ilé ìwé sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò sí òfin. Òfin pọ̀ nílẹ̀ yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 sọ ní abala 26 pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló tọ́ sí ẹni tó bá lo ọmọdé láti fi dá ọ̀ràn. Tó bá jẹ́ ìdí oògùn olóró ló ti lo ọmọ náà, ẹ̀wọ̀n gbére ni abala 25 là kalẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lójú òfin yẹn. Ìpínlẹ̀ Èkó gbà á wọlé lọ́dún 2007. Lọ́dún 2021, Gómìnà Sanwó-Olú buwọ́ lu òfin tó lòdì sí ẹgbẹ́ òkùnkùn, ẹ̀wọ̀n ọdún 21 fún ọmọ ẹgbẹ́, ọdún 15 fún ẹni tó bá yọ̀ǹda ilé rẹ̀ fún wọn. Ọdún 2021 yẹn náà ni òfin Èkó kà á léèwọ̀ fún ọlọ́pàá láti máa to afurasí síwájú oníròyìn. Kí ìyẹn tó dé, òfin ti 2003 ti sọ pé a ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tí aráyé máa fi dá ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn mọ̀ jáde. Ẹ wá wo fídíò ọ̀sẹ̀ tó kọjá! Àwọn tó yẹ kó dáàbò bo ọmọ ló ń gbé ojú rẹ̀ kiri ayé.

Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò gbọ́ ọ rí lórí rédíò pé wọ́n wọ́ ẹ̀gbọ́n àdúgbò kankan lọ sílé ẹjọ́ torí pé ó rán ọmọdé níṣẹ́ láabi. Ọmọ ni wọ́n ń mú ṣáá. Ẹni tó rán an wà ní jọ́ǹtì rẹ̀, ó ń mu ọtí, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Tí ìbò bá tó dì, ẹ̀yìn àwọn olóṣèlú la ti máa rí i.

Ìyá kan ládùúgbò wa bẹ̀ mí pé kí n sin òun lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti ọmọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Abẹ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí gan-an ni ìyá náà ti tú ìdí aṣọ, tó ka owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó fún wọn. Sẹ́ẹ̀lì kan náà ni ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn àtàwọn géńdé jọ sùn. Mo béèrè ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, èyí tí òfin ní kó wà ní iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó wà ní káńtà ní, "Màmá, ẹ mú ọmọ yín kẹ́ ẹ máa lọ, kẹ́ ẹ lọ kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́." Ta ló rán an níṣẹ́? Wọn ò bi í. Wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ju ti ọmọ lọ. Kí á tó délé, ìròyìn ti kan ẹni tó rán an lára pé ọmọ ti jáde, ó sì ti ní ká sọ fún ọmọ náà pé owó òun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ọmọ tí a ò kọ́" ni àwọn ọ̀gá wọ̀nyí fi ń dá wa lóhùn nígbà gbogbo, bí ẹni pé òwe náà ti parí iṣẹ́ wọn. Mi ò ní òbí ò lẹ́bi. Àwọn bàbá kan wà tí wọn ò mọ kíláàsì tí ọmọ wọn wà, mo sì ti sọ ọ́ sí wọn lójú nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń jí lọ sí ọjà Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́, tí kì í wọlé títí òru á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, òun nìkan ò lè bá ẹgbẹ́ tó ní owó, tó ní oògùn, tó ní àdá, du ọmọ. Ó nílò ìjọba lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀bi sì ni ìjọba ń gbé fún un.

Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kónílé-ó-gbélé kòrónà wà l'Ékòó àti Ògùn. Àwa ará Agége, Ìjàyè, títí dé Sángo, a ò sùn. Àwọn ọkùnrin sun táyà lójú títì, wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò mọ́jú nítorí Àwàwà àti ẹgbẹ́ jàǹdùkú kejì tí wọ́n ń pè ní One Million Boys. Ilé ìwé ti tì pa nígbà yẹn, oúnjẹ ò sí nílé, àwọn tó ń wá ọmọ rán níṣẹ́ sì rí ọmọ rẹpẹtẹ. Kí ni ìjọba rí kọ́ níbẹ̀? Wọ́n kó ọlọ́pàá wá, wọ́n kó ọmọ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀: ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, wọ́n kó àwọn ọmọdé dé ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá nítorí ìwọ́de tako ìṣèjọba burúkú, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti wà látìmọ́lé, àwọn kan ń ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù. Ẹ̀yìn ariwo aráàlú ni Ààrẹ tó ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ṣe nìyí, kò sì ná wọn ní bílíọ̀nù kankan. Rẹ́jísítà! Ìwé tí a fi ń pe orúkọ ọmọ ni, gbogbo kíláàsì ló ní in. À ń pè é láàárọ̀, à ń pè é lọ́sàn-án, a sì ń ṣírò rẹ̀ pọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn alábẹ̀wò máa ń wá wò ó, àmọ́ bóyá ìṣirò rẹ̀ bára mu ni wọ́n máa ń wò. Wọn kì í béèrè ibi tí ọmọ tí kò wá wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ojú rẹ́jísítà ni a ti ń kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ti ń fa ọmọ lọ: yóò pa Ọjọ́ Ẹtì jẹ, yóò pa Ẹtì àti Ajé jẹ, kó tó di pé a ò rí i mọ́.

Kí ó di òfin pé tí ọmọ bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ tí ilé ò ránṣẹ́, tíṣà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá ilé ìwé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọ̀gá sì fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà kan, tó ń rí sí ìgbáyégbádùn ọmọ, dé ilé ọmọ náà kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Kó má wọ yunifọ́ọ̀mù, kó má mú ọlọ́pàá dání. Kó jókòó ti ìyá, kó bá ọmọ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Tí orúkọ ẹ̀gbọ́n kan bá jáde lẹ́nu ọmọ, orúkọ ẹ̀gbọ́n yẹn ni kó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí orúkọ ọmọ má dé ibẹ̀ rárá. Kí ìjọba sì ṣe tán láti gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwé míì, tàbí sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ ní ìlú míì, torí àwọn èèyàn yìí kì í fi ọmọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ibi tó léwu jù ni àárín Pírámárì 6 sí JSS 1. Lójú òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004, ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ gbọ́dọ̀ lò nílé ìwé, láti Pírámárì 1 dé JSS 3. Àmọ́ nígbà tí ọmọ bá kúrò lọ́dọ̀ wa, a ti ti rẹ́jísítà tiwa, ilé ìwé tí wọ́n pín in sí ò sì mọ̀ ọ́n rí. Tí kò bá yọjú níbẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ ibí wé ti ọ̀hún. Ọmọ mélòó ló ti ọwọ́ mi jáde tí mo padà rí lábẹ́ bíríìjì Pen Cinema, tí wọ́n ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ awakọ̀, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí mi? Kí wọ́n fi orúkọ méjèèjì wéra lọ́sẹ̀ kejì tí wọ́n bá wọlé, kí wọ́n sì lọ wá ẹni tó bá kù.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ní yàrá ọmọdé lọ́tọ̀. Kí wọ́n fi iná mànàmáná sí àwọn pápá àti etí ọ̀nà rélùwéè, kó má ṣókùnkùn. Kí wọ́n sì jáwọ́ nínú fídíò ọmọdé.

Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ bá wa ṣe kiní kan. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ sí àwọn kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé àti sọ́dọ̀ àwọn tó ń pe ẹjọ́ fún ìjọba Èkó. Kó béèrè pé láti 2007, àgbàlagbà mélòó ni wọ́n ti dá lẹ́bi pé ó lo ọmọdé láti fi dá ọ̀ràn. Ẹ tẹ iye tí wọ́n bá sọ fún wa, ì báà jẹ́ òdo. Tí wọ́n bá sì kọ̀ tí wọn ò fèsì, ẹ tẹ orúkọ ipò ẹni tó kọ̀.

Èmi ni,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Agége, Ìpínlẹ̀ Èkó.