Ẹni tó ń tà á ti nù ún tán kí ẹ tó dé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ gbé jáde fún àwọn tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀. Ẹ ní kí èèyàn yẹ ara ẹ̀rọ náà wò, kó tàn án, kó sì béèrè iye RAM rẹ̀. Ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ni ẹni tó ń tà á ti ṣe sílẹ̀. Ó ti nù ún, ó ti fi bébà bo ibi tó ha.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkè-Fíà, Òṣogbo. Tí mo bá ń lọ ra ọjà n'Ìkẹjà, fíláàṣì kan máa ń wà lápò mi, Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló wà lórí rẹ̀. Orí fíláàṣì yẹn ni mo ti máa ń tan ẹ̀rọ, kò ní fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ fún mi, a ti dágbére nìyẹn.

Láti 1991 tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ti gbé kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò náà, jáde, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn driver sí, àwọn ètò tó ń mú ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Bí orúkọ wọn náà ni iṣẹ́ wọn: dẹ́rẹ́bà ni wọ́n. Káàdì Wi-Fi ní tirẹ̀, kámẹ́rà ní tirẹ̀. Bí mo bá tẹ lspci -k, ẹ̀rọ á to ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi, á sì dárúkọ dẹ́rẹ́bà tó ń wa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti kámẹ́rà, lsusb -t ló ń fi hàn.

Bátìrì ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lórí Linux, ẹ wo inú fódà /sys/class/power_supply/BAT0. Energy_full_design ni iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun. Energy_full ni èyí tó ń gbà báyìí. (Lórí ẹ̀rọ mìíràn, charge ni wọ́n kọ dípò energy.) Ní oṣù Kẹta, ọmọkùnrin kan búra fún mi pé bátìrì òun ń lo wákàtí mẹ́rin. Mo wò ó: 50,040,000 ni ti tuntun, 19,310,000 ló kù. Mo yí ojú ẹ̀rọ sí i. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ fẹ́ san?"

Lẹ́yìn náà, màá ṣí evtest, ètò tó ń fi bọ́tìnì tí mo bá tẹ̀ hàn, màá tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó ń dín iná ojú rẹ̀ kù. Màá pa ẹ̀rọ náà dé kó lè sùn, màá tẹ́tí sí fáànù bóyá ó dákẹ́, màá tún ṣí i. Àwọn kan á jí, Wi-Fi wọn kò ní jí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà kan, Wi-Fi ẹ̀rọ kan kò jáde lórí fíláàṣì mi. Mo pariwo mọ́ màmá tó ń tà á pé káàdì rẹ̀ ti kú, wọ́n sì dín ₦15,000 fún mi. Mo délé, mo ka dmesg, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń ṣe. Kernel ti rí káàdì náà, firmware rẹ̀, fáìlì tí káàdì náà nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, ló ń wá tí kò rí lórí fíláàṣì mi. Mo gbé fáìlì yẹn sí ibi tó yẹ, Wi-Fi dìde wọ̀ọ̀. Fíláàṣì mi ló jẹ̀bi, kì í ṣe ọjà màmá. Látìgbà náà, bí lspci bá ti lè dárúkọ nǹkan, n kì í pe òkú lé e lórí mọ́. Ẹ̀rọ tó ń ka ìtẹ̀ka náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní dẹ́rẹ́bà kankan lórí Linux, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀sẹ̀ lórí Windows.

Mo dá owó náà padà nígbà tí mo tún lọ s'Ìkẹjà. Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fa àga fún mi, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ méje síwájú mi pé kí n bá àwọn fi fíláàṣì yẹn yẹ̀ ẹ́ wò.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì,
Òkè-Fíà, Òṣogbo.