Òjé inú tìróò àti irin inú oògùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ìwé ìròyìn yín bá sọ̀rọ̀ irin, iye tí wúrà ń lọ lọ́jà náà ni. Ṣùgbọ́n ní 1965, Barnett Rosenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan, Amẹ́ríkà, rí i pé èròjà tó ti ara platinum, irin olówó iyebíye kan, jáde kò jẹ́ kí bakitéríà pín sí méjì mọ́. Ibẹ̀ ni cisplatin ti wá, oògùn jẹjẹrẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1978.

Àwa ará Àríwá níbí ti rí òdìkejì rẹ̀. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nílé nítorí wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Oògùn tó ń gbá òjé mú nínú ẹ̀jẹ̀, tí ọmọ á sì tọ̀ ọ́ dànù, ni wọ́n fi tọ́jú àwọn yòókù. Iṣẹ́ kẹ́místrì náà nìyẹn!

Síbẹ̀, àwọn ìyá kan ní Kubwa níbí ṣì ń lé tìróò fún ọmọ ìkókó, bẹ́ẹ̀ òjé kún inú òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún onímọ̀ kẹ́místrì kan láyè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gé e lára ojú ewé òṣèlú; ìyẹn ti pọ̀ jù.

Òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá