Kó o tó mú kọ́ńpìnnì iná fún ilé tuntun rẹ

Ọmọ mi,

Mo rí mẹ́séèjì rẹ pé wọ́n ti fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́, inú mi dùn gan-an ni, ilé á tù ẹ́ lára o. Àmọ́ ìbéèrè tó o bi mí níparí ẹ̀, pé nínú gbogbo kọ́ńpìnnì tó ń ta iná níbí, èwo là ń lò kí ìwọ náà kàn lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mi ò ní dáhùn ẹ̀, torí mi ò fẹ́ kó o mú wọn. Kì í ṣe pé wọn ò dáa. Ilé tiwa kún fọ́fọ́, ìwọ nìkan lo sì máa gbé tìẹ, iye tó rọ̀ wá lọ́rùn lè wọ́n jù fún ẹ. Màá ṣàlàyé.

Kó tiẹ̀ tó kan kọ́ńpìnnì ná, lọ́jọ́ tó o bá kó wọlé, kó o tó gbé ẹrù kankan kalẹ̀, wá ibi tí mítà wà, ti iná àti ti gáàsì tí gáàsì bá wà ńbẹ̀, kó o ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀, kí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára mítà fúnra ẹ̀ náà hàn nínú fọ́tò. Ibẹ̀ ni gbèsè ẹni tó kó jáde parí sí, tí tìẹ bẹ̀rẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí o ò bá ní fọ́tò, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ìka tó ṣẹ̀? Wọ́n á kàn fojú bù ú ni, ojú tí wọ́n sì fi ń bù ú, kì í sábà ṣe ojú àánú. Tó bá jẹ́ mítà tí wọ́n ń kówó sí kó tó ṣiṣẹ́ ni, má lo káàdì tó o bá nílé jàre, pe kọ́ńpìnnì tó wà nídìí ẹ̀ kí wọ́n fún ẹ ní tìẹ, torí gbèsè ẹni àná lè ṣì wà lórí ẹ̀, bó o ṣe ń kówó sí i báyìí ni gbèsè yẹn á máa bù ú jẹ.

Wàá bá iná tó ń tàn níbẹ̀, ìyẹn ni pé kọ́ńpìnnì kan ti wà nídìí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àtọjọ́ tó o bá sì ti gba ilé lo ti ń jẹ wọ́n lówó bí o ò tiẹ̀ fọwọ́ sí ìwé kankan. Iye tí wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ò bá wọn ṣàdéhùn kì í ṣe iye tó dáa jù tí wọ́n ní, nítorí náà má jókòó tì í fún oṣù mẹ́fà. Béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù, kó o sì wo ìwé ilé dáadáa, tó bá jẹ́ pé láńlọ́ọ̀dù ló ń san owó iná tó sì ti kà á mọ́ owó ilé, ọwọ́ ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, tó bá jẹ́ orúkọ tìẹ ló wà lórí bíìlì, ìwọ lo sábà máa ń lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn.

Wàyí o, owó. Tó o bá pè wọ́n, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún ẹ ni iye tó o máa máa san lóṣù. Má jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ ẹ́ lójú. Wọ́n kàn ro iye iná tó o lè lò lọ́dún ni, wọ́n pín in sí 12, ẹni tó bá fẹ́ fà ẹ́ mọ́ra sì lè rò ó kéré, ìgbà òtútù ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé o ti ń jẹ gbèsè bọ̀. Nǹkan méjì ni kó o bi wọ́n: èló ni yúníìtì kan, èló sì ni mò ń san lójúmọ́ bí mi ò tiẹ̀ tan gílóòbù kan ṣoṣo?

Yúníìtì kan náà ni kWh kan, ìyẹn iná tí nǹkan tó jẹ́ wáàtì 1,000 máa lò ní wákàtí kan. Híítà tó jẹ́ wáàtì 2,000 á jẹ ẹ́ tán ní ìṣẹ́jú 30, gílóòbù LED wáàtì 10 á lò ó fún wákàtí 100. Ṣó o rí i? Ohun tó ń mú ilé àti omi gbóná ló ń jẹ owó, kì í ṣe gílóòbù tí bàbá ẹ ń sáré pa kiri.

Ká ní kọ́ńpìnnì kan ń gba 50 lójúmọ́ àti 25 lórí yúníìtì, èkejì ń gba 30 lójúmọ́ àti 30 lórí yúníìtì. Ìwọ tó lo yúníìtì 100 lóṣù ọlọ́jọ́ 30, wàá san 4,000 fún ti àkọ́kọ́, 3,900 fún èkejì. Àwa tá à ń lo 200, 6,500 la máa san fún ti àkọ́kọ́, 6,900 fún èkejì. Ìdí tí mi ò fi dárúkọ kọ́ńpìnnì wa nìyẹn.

Wọ́n á tún bi ẹ́ bóyá o fẹ́ kí iye ẹ̀ dúró sójú kan fún ọdún kan tàbí kó máa lọ sókè sódò. Èmi fẹ́ èyí tó dúró, torí owó oṣù ẹ ò tíì gba ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n owó yúníìtì ló dúró o, bíìlì ò dúró, tó o bá lò ó jù wàá san án jù. Béèrè iye tí wọ́n máa gbà tó o bá jáde kí àdéhùn tó pé, àti bóyá o lè gbé e dání tó o bá kó lọ sílé míì.

Má sì sáre tẹ̀ lé ẹni tí iye ẹ̀ kéré jù. Nígbà tí gáàsì, tí wọ́n tún fi ń ṣe iná, wọ́n ní Yúróòpù lápá ìparí ọdún 2021, kọ́ńpìnnì tó lé ní 20 ló kógbá sílé ní Bìrìtéènì láàárín oṣù díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣèlérí owó pọ́ọ́kú fún kọ́sítọ́mà láì tíì ra iná tí wọ́n máa fi mú un ṣẹ. Iná ò kú nílé ẹnikẹ́ni o, ìjọba ní kí àwọn kọ́ńpìnnì míì gbà wọ́n, àmọ́ owó pọ́ọ́kú yẹn bá a lọ.

Kò sí kọ́ńpìnnì tí iná ẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti ẹnìkejì lọ, wáyà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, àwọn tó ni wáyà sì sábà máa ń yàtọ̀ sáwọn tó ń kó bíìlì wá, torí náà tó o bá yí kọ́ńpìnnì padà iná ò ní lọ, tí iná bá sì lọ, àwọn tó ni wáyà lo máa pè, fi nọ́ńbà wọn sórí fóònù. Ohun tó yàtọ̀ ni iye owó, àti bóyá wọ́n máa gbé fóònù tí bíìlì bá dàrú, pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan kó o tó forúkọ sílẹ̀ kó o fi wò ó. Ẹni tó bá sì wá kan ilẹ̀kùn pé òun fẹ́ wo bíìlì ẹ, má fi hàn án, má fọwọ́ sí nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà.

Gba iye lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì mẹ́ta, ti yúníìtì àti ti ojoojúmọ́, kó o fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pẹ̀lú fọ́tò mítà, ká jọ ṣírò ẹ̀ lálẹ́.

Màmá rẹ