Ẹ béèrè irú bọ́ọ̀dù tó wà nínú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó sanwó

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kéékèèké tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ ni mo bá wá, àwọn tí ò ní kíbọ́ọ̀dù, téèyàn ò tiẹ̀ rí sójú, àmọ́ tó jẹ́ pé àwọn ló ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin àti róbọ́ọ̀tì tó ń wọ ìsàlẹ̀ òkun. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, bọ́ọ̀dù tara wọn (ìyẹn pátákó tí wọ́n to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà náà sí) ni wọ́n ń gé, tí ò bá ti ẹnikẹ́ni mu, tó bá wá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n á ní àwọn ò ṣe é mọ́, ẹ lọ ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ tí irin ẹ̀ ṣì le koko, tí mọ́tò ẹ̀ ṣì ń yí! Ó ń dùn mí gan-an.

Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i tipẹ́. Bọ́ọ̀dù kan wà tí wọ́n ń pè ní PC/104, iléeṣẹ́ Ampro ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1987, nígbà tó di 1992 àwọn iléeṣẹ́ kóra jọ dá ẹgbẹ́ PC/104 Consortium sílẹ̀, wọ́n kọ ìlànà ẹ̀ síta fún tajátẹran. Bọ́ọ̀dù yẹn ò ju mìlímítà 90 lọ lápá kan, 96 lápá kejì, ihò síkúrù wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, píìnì 104 (64 lọ́nà kan, 40 lọ́nà kejì). Ẹ̀ẹ́ kàn tò wọ́n léra ni, píìnì tòkè á wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tìsàlẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà 15 láàárín wọn, ẹ̀ẹ́ wá fi síkúrù dè é pa, kò sóhun tó máa gbọ̀n-ọ́n já, kò dà bíi káàdì tí wọ́n kàn fi etí kan kì bọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u ṣá, ẹ má gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè lẹ́ẹ̀kan náà o, píìnì á tẹ̀, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, títí tó fi máa yọ.

Ohun tó wù mí jù ni pé nígbà tí PCI dé, ìyẹn ọ̀nà tuntun tí káàdì ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, wọ́n ṣe PC/104-Plus ní 1997, wọ́n fi píìnì 120 kún un, wọn ò yọ ti àtijọ́. Ní 2008 PCI/104-Express tún dé, síbẹ̀ ìwọ̀n bọ́ọ̀dù ò yí, ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbi tí wọ́n wà! Lóòótọ́ káàdì ISA àtijọ́, ìyẹn oní píìnì 104 ti ìbẹ̀rẹ̀, ò lè wọ inú tuntun yẹn tààrà, bọ́ọ̀dù alárinà ló máa so wọ́n pọ̀, àmọ́ àpótí tẹ́ ẹ fi irin ṣe ṣì máa gbà á.

Àwọn kan á ní ó wọ́n, pé ooru máa ń há sí àárín. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi dáa kí bọ́ọ̀dù tó ń gbóná jù wà ní ìparí àwọn tẹ́ ẹ tò léra, kí wọ́n fi irin fa ooru ẹ̀ síta. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ tó jọra, kó gé bọ́ọ̀dù tiẹ̀, mi ò bá a jà. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọn ò ṣe púpọ̀, tẹ́ ẹ sì fẹ́ lò fógún ọdún ńkọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ìlànà bọ́ọ̀dù náà sínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n sì dárúkọ iléeṣẹ́ míì, ó kéré tán ẹyọ kan, tí bọ́ọ̀dù tiwọn máa wọ ibẹ̀. Tí wọn ò bá rí i dárúkọ, ẹ má tíì sanwó.

Èmi ni òǹkàwé yín