Ẹ Má Pe Iṣẹ́ Wilson Greatbatch ní Oríire Lásán

Sí Olóòtú,

Mo fi ọ̀wọ̀ kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fi odidi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún ìtàn Wilson Greatbatch, ẹnjinníà iná mànàmáná ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ lórí pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sínú ara láti máa fi iná ta ọkàn kó lè lù déédéé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọkàn wọn kò lè dá lù déédéé ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ rẹ̀ títí dòní. Àkọlé tí ẹ fún àpilẹ̀kọ náà, èyí tó ní àṣìṣe ló di oríire, ló mú mi gbé kálàmù. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni mo fi ń jẹun, mo sì mọ bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe ń wáyé lórí tábìlì iṣẹ́ tó, tí ohunkóhun kì í sì í ti ibẹ̀ jáde ju èéfín lọ.

Òótọ́ ni pé àṣìṣe náà wáyé. Greatbatch ń bá àwọn oníwádìí ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa gba ìró ọkàn sílẹ̀. Rẹsísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dín ìṣàn iná kù) tó jẹ́ 10,000 ohm, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná, ló yẹ kó fi sínú sákíìtì rẹ̀, ọ̀nà tí iná ń gbà nínú ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ti 1,000,000 ohm ni ọwọ́ rẹ̀ bà nínú àpótí. Ẹni tó bá ti lo rẹsísítọ̀ rí kò ní bá a wí: ìlà búráùn, dúdú àti àwọ̀ ọsàn ni wọ́n fi ń mọ ti àkọ́kọ́, búráùn, dúdú àti àwọ̀ ewé ni ti èkejì, ara ohun tí kò gùn ju oríkèé ìka lọ ni wọ́n sì kun gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tó tan iná sí sákíìtì náà, ó ta iná fún àkókò tí kò tó ìdá 2 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko, ó tún ta á. Ẹnjinníà mìíràn ì bá yọ rẹsísítọ̀ náà kúrò, kó fi èyí tó tọ́ dípò rẹ̀, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ohun tí kò jẹ́ kí Greatbatch yọ ọ́ kúrò ni àpilẹ̀kọ yín fò. Ní ọdún 1951, nígbà tó wà ní oko ìwádìí ìhùwàsí ẹranko ti Yunifásítì Cornell, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ méjì ṣàlàyé àìsàn kan fún un nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Yàrá òkè inú ọkàn ni àṣẹ tó ń mú ọkàn lù ti ń wá. Bí ọ̀nà tí àṣẹ náà ń gbà dé yàrá ìsàlẹ̀ bá dí, ọkàn á máa falẹ̀, aláìsàn á máa dákú, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ rédíò nínú ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ojú ẹsẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé iná mànàmáná lè ṣe iṣẹ́ tí ọkàn kò lè ṣe mọ́, bí kò bá jẹ́ pé àwọn gílóòbù rédíò àti bátìrì ìgbà náà ti tóbi jù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí rẹsísítọ̀ tí kò yẹ náà ń ta iná tó sì ń dákẹ́, ìlùkìkì ọkàn ló rí níwájú rẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn òǹkàwé yín tún mọ bí ìtọ́jú ṣe rí nígbà náà. Láti ọdún 1952 ni dókítà ọkàn Paul Zoll ti ń fi iná ta ọkàn láti orí awọ àyà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá tó ń gba iná lára ògiri ni, ó sì máa ń dun aláìsàn gan-an. Nígbà tí iná lọ ní ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1957, gbogbo ènìyàn rí ewu tó wà nínú ẹ̀rọ tó gbára lé iná ògiri, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹnjinníà Earl Bakken sì ṣe èyí tó ń lo bátìrì, tí aláìsàn lè gbé kọ́ ara. Síbẹ̀ wáyà ṣì ń gba inú awọ kọjá, kòkòrò àrùn sì ń gba ojú ibẹ̀ wọlé.

Greatbatch gbé sákíìtì tirẹ̀ lọ bá William Chardack, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Buffalo. Ní ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 1958, wọ́n fi ẹnu wáyà méjì kan ọkàn ajá kan, ọkàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Téèpù tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò ni wọ́n kọ́kọ́ fi wé e, kò sì ju wákàtí mélòó kan lọ tí omi ara fi wọ inú rẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí da oje epoxy lé e lórí kó le. Greatbatch fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀, ó fi 2,000 dọ́là tó ti fi pamọ́ ṣiṣẹ́ nínú abà tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, Eleanor ìyàwó rẹ̀ sì ń fi pẹ́ńsù gbá tiransísítọ̀, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń darí iná nínú sákíìtì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí kò ní yẹ̀. Àádọ́ta ẹ̀rọ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ti fi mẹ́wàá nínú wọn sí ara ènìyàn ní ọdún 1960. Ibo ni oríire wà nínú gbogbo èyí?

Àtúnṣe kan tún wà. Ẹ kọ ọ́ pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé tí wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ara ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Sweden, ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 1958, dókítà oníṣẹ́ abẹ Åke Senning ti fi ẹ̀rọ tí ẹnjinníà Rune Elmqvist ṣe sínú ara aláìsàn kan, Arne Larsson. Agolo pólíìṣì bàtà ni Elmqvist fi ṣe ìkòkò tó da epoxy rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ náà kò ju wákàtí mélòó kan lọ tó fi dákẹ́, wọ́n sì fi òmíràn dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2001 ni Larsson tó kú. Ohun tí Greatbatch àti Chardack ṣe ni ẹ̀rọ tó tọ́jọ́, tí ilé iṣẹ́ Medtronic gbà láti máa ṣe jáde láti ọdún 1961.

Lójú tèmi, apá tó tóbi jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí tí ẹ fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọjá lé lórí, ìyẹn bátìrì. Bátìrì síǹkì àti mẹ́kúrì ni wọ́n ń lò, kì í sì í sábà ju nǹkan bí ọdún méjì lọ kí wọ́n tó tún la àyà aláìsàn. Èyí tó tún burú ni pé ó máa ń tú afẹ́fẹ́ háídrójìn jáde, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè dé ẹ̀rọ náà pa. Bí wọ́n bá sì fi àyè sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, omi ara á gba ibẹ̀ wọlé. Greatbatch rí i pé sákíìtì kọ́ ló ń bàjẹ́ mọ́, bátìrì ni. Ẹni tó ti lókìkí nídìí pacemaker tún dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1970 nítorí bátìrì nìkan. Àwọn mìíràn ló ti kọ́kọ́ ṣe bátìrì lítíọ́mù àti áyódíìnì, òun ló tún un ṣe títí tó fi ṣeé gbára lé nínú ara ènìyàn. Kì í tú afẹ́fẹ́ kankan jáde, wọ́n lè jó agolo irin mọ́ ọn láìsí àlàfo, ó sì ń tọ́jọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn. Pátẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ènìyàn ṣe, lé ní 150, kó tó di pé ó kú ní ọdún 2011 ní ẹni ọdún 92.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣàtúnṣe gbólóhùn tó sọ nípa ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ sọ ìtàn rẹsísítọ̀ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 1951, kí ẹ má sì dá a dúró títí ẹ ó fi dé ọdún 1972.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Aṣàtúnṣe ẹ̀rọ ilé ìwòsàn